Ariwo Inú Agolo

Ní Yogyakarta, lẹ́yìn ojú irin,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ sórí òrùlé alámọ̀ bí ẹni ń ka owó ẹyọ,
Wuryani jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná ìyá rẹ̀,
ó fi irin gbígbóná kan òjé,
òjé yọ́, ó ń dán bí ojú ológbò,
èéfín rẹ̀ bá ti kànáfùrù inú sìgá mi dàpọ̀.
"Fẹ́ ẹ síbòmíràn," ó ní, "mi ò ríran."

Ó ti tú rédíò bàbá rẹ̀.
Èyí gan-an ni ìjà.
Rédíò tí ọkùnrin náà fi gbọ́ ìròyìn fún ọdún mọ́kànlélógún,
tí ó fi rọ́bà so nígbà tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ já,
Wuryani fi ọ̀bẹ ẹja là á,
ó kó ìfun rẹ̀ síta: wáyà pupa, wáyà aláwọ̀ ewé,
kapásítọ̀ mẹ́ta tó rí bí ẹ̀wà,
sípíkà tí aáyán ti jẹ létí.
Ìyá rẹ̀, Bu Sarjiyem, kò pariwo.
Ó kàn gbé ìkòkò kúrò lórí iná,
ó ní òun ò ní se oúnjẹ fún ẹni tó ń pa òkú lẹ́ẹ̀kejì.

Agolo bísíkíìtì ló di ilé fún ohun tuntun náà.
Àwòrán wà lórí ìdérí: ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń mu tíì.
Gbogbo ìlú ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́:
bàbá wọn dà?
Wuryani lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìyá náà,
ó ki bọ́tìnì bọ̀ ọ́.

Lálẹ́ tó kọ́kọ́ dún, kò sí ẹni tó sùn.
Ó hó bí epo gbígbóná tí omi ta sí,
ó súfèé, ohùn rẹ̀ há, ó tún ṣe gbírírírí
bí ẹni ń wọ́ bẹ́ǹṣì lórí símẹ́ńtì.
Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú oko ìrẹsì dákẹ́,
lẹ́yìn náà wọ́n fèsì.
Mo bi í: orin wo nìyí?
Ó ní ẹni tí kò gbédè ẹyẹ
ló ń sọ pé ariwo ni ẹyẹ ń pa.
Mi ò gbà pátápátá. Orí ń fọ́ mi.

Alẹ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù Gunarto tó ń tún alùpùpù ṣe.
Ènìyàn mọ́kànlá ló wá; mẹ́ta nínú wọn,
táyà wọn ni wọ́n ń dúró dè.
Prasojo ti so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ iná ara ògiri,
ọgbọ̀n súìṣì, ó ń bú bí ẹkùn,
àfi fíú! iná lọ ní gbogbo àdúgbò.
Ẹkùn Prasojo di awọ lásán.
Òkùnkùn. Òjò. Nínú òkùnkùn náà
bátìrì kékeré kan, agolo bísíkíìtì kan,
ń sọ̀rọ̀ tín-ín-rín, tín-ín-rín.

Ìgbà yẹn ni Bu Sarjiyem wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
omi ń kán ní etí aṣọ rẹ̀, agboòjò tí kò ṣí lábẹ́ apá.
Kò kí ẹnikẹ́ni.
Owó ẹyọ méjì ni wọ́n fi òjé lẹ̀ mọ́ agolo yẹn;
ẹni tó bá fọwọ́ kan méjèèjì, ara rẹ̀ di wáyà.
Wuryani fi ìka sórí ọ̀kan,
ó na ọwọ́ kejì sí ìyá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.
Ó pẹ́.
Mo rí bí tọ́ọ̀ṣì ṣe ń gbọ̀n.
Obìnrin náà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú,
ó fi ìka tí òjò pa kan owó ẹyọ kejì,
iná gba ara ọmọ kọjá sí ara ìyá,
ohùn náà fò sókè, kíííí, ó sọ̀, ó tún gòkè,
bí wọ́n ṣe ń fún ara wọn lọ́wọ́ ló ń yí.

"Bàbá rẹ," ni ìyá wí, "báyìí ni rédíò yẹn ṣe máa ń ké
tó bá ń fi wá ìlú òkèèrè lóru.
Mo máa ń ní kó pa á."

Iná dé. Ẹnì kan béèrè táyà rẹ̀.
Bu Sarjiyem já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó nù ún mọ́ aṣọ.
"Rọ́bà tó fi so rédíò dà?"
Wuryani wá a nínú àpò, ó rí i, ó ti sán díẹ̀.
Ìyá fi so irun rẹ̀ tó tutù,
ó ní ìrẹsì wà nílé,
ó ní kí èmi náà máa bọ̀,
ṣùgbọ́n kí n fi sìgá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.